Nọ́ńbà Inú Àpòòwé

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí àti ọkọ rẹ̀ fi jọ wọn ìmọ́lẹ̀ kan láti ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀run, tó ti gbéra kí ayé yìí tó wà. Lójú ọ̀nà, ìkùukùu gáàsì kan fa ìlà dúdú tín-ín-rín sí i lára. Àlàfo àárín àwọn ìlà náà ló ń sọ bí agbára tó di ohun gbogbo mú ṣe le tó nígbà náà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó yàtọ̀ sí tòní.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn bá ń fẹ́ ni ojú máa ń rí. Nítorí náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dọ́gbọ́n fi nọ́ńbà kan kún ìwọ̀n, kó kọ ọ́ sórí bébà, kó lẹ̀ ẹ́ pa sínú àpòòwé títí ìwọ̀n yóò fi parí, kí ẹni tó ń wọ̀n má bàa mọ ibi tí ìdáhùn ń lọ. Ọkọ ló fi pamọ́. Ìyàwó ló ń wọ̀n. Àgádágodo ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní béèyàn bá bi í pé aago mélòó ló lù, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ìyàwó bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú sọ nọ́ńbà náà fún òun. Ó rẹ́rìn-ín, ìwọ̀nba tí èémí rẹ̀ gbà.

"Ojú ń kán ẹ, ìyàwó mi. Lọ parí iṣẹ́ ẹ."

Kò dúró kó parí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹni tí ojú ń kán wá ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Ó wọ̀n tán, ó tún un wọ̀n. Ó ti dá a lójú pé ọ̀rọ̀ kan á wà fún òun nínú àpòòwé náà, ì báà ṣe orúkọ òun lásán. Kò sì fẹ́ kó tán.

Níkẹyìn, ọ̀gá wọn gbé àpòòwé náà wá sórí tábìlì rẹ̀. Ó ní bó bá wúwo jù, òun á bá a ṣí i. Obìnrin náà mi orí, ó sì tú u.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ó yí bébà náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú.

"Àgádágodo," ló wí, "àní ọ̀rọ̀ kan péré."

Ó yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù, òdo ni: ti ìgbà láéláé àti tòní, ọgbọọgba. Ọ̀gá kí i kú iṣẹ́, ó rọra ní kó kọ àbájáde rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́.

Súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọ ni pé kò sí ohun tó yí padà. Ó tẹ "Kò sí" sórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ bá mi kọ ọ́, sà," ló wí. "Mi ò lè fọwọ́ ara mi kọ ọ́."