Ìyá Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò Nínú Fọ́tò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní agboolé wa ní Ẹdẹ, ọjọ́ Iléyá ni onífọ́tò máa ń wá ya àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù ya ọmọ lójoojúmọ́, ẹ ò lè mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa ń rí. Wọn á ti wẹ ọmọ, wọn á lé tìróò fún un, wọn á gbé àga síwájú ògiri. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó, ta ni yóò dì í mú?

Ìyá bàbá mi ni. Àwọn ni wọ́n máa ń jókòó sórí àga, onífọ́tò á fi aṣọ bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, wọn á wá gbé ọmọ lé wọn nítan. Abẹ́ aṣọ ni ìyá ti máa ń di ìbàdí ọmọ mú. Bí fọ́tò bá jáde, àfi bíi pé ọmọ dá jókòó sórí àga tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Bí wọ́n ṣe ya èmi náà nìyẹn.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ ya àbúrò mi obìnrin, ìyá wọ aṣọ tuntun, àwọn náà lé tìróò. Wọ́n yọrí lábẹ́ aṣọ, wọ́n bi onífọ́tò pé, "Ọmọ mi, ṣé o ò ní jẹ́ kí n yọjú lẹ́ẹ̀kan báyìí?"

Onífọ́tò ní, "Háà, Ìyá! Ẹ máa ba fọ́tò jẹ́. Ọmọ ni wọ́n ní kí n yà, wọn ò ní kí n ya arúgbó."

Ìyàwó ilé kan fi kún un pé, "Ìyá fẹ́ wá ọkọ ni!" Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá fa aṣọ borí padà.

Nígbà tí Ìyá kú, a wá fọ́tò tí a máa gbé síta níbi àdúà fìdáù. A tú àpótí, a tú abẹ́ ibùsùn. Fọ́tò ọmọ ló kún ibẹ̀. Ìyá wà nínú gbogbo rẹ̀, a ò sì rí ojú wọn nínú ẹyọ kan. Àbúrò bàbá mi bú onífọ́tò títí ohùn wọn fi há. Inú bí èmi náà, ó ṣì ń bí mi dòní, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí onífọ́tò nìkan. Ta ló sọ fún un nínú wa pé kó ká aṣọ yẹn sókè? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti jókòó kí n rántí bí imú Ìyá ṣe rí, kò wá sí mi lọ́kàn mọ́.

Ayé ti wá dayé kọ̀ǹpútà. Láìpẹ́ yìí, a gbé ọmọ tèmi lọ sílé fọ́tò kan lójú títì. Màmá mi na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, wọ́n di ọmọ mú. Ọmọkùnrin tó ń yà á ní, "Bọ̀dá, ẹ má ṣèyọnu, màá pa ọwọ́ Màmá rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà."

Mo ní, "Pa kí ni rẹ́? Ṣé afẹ́fẹ́ ló gbé ọmọ náà dání ni?"

Màmá ń bẹ̀ mí: "Fi í sílẹ̀ jàre, kí ni mo fẹ́ fi fọ́tò ṣe?" Mo ní kí wọ́n jókòó dáadáa, kí wọ́n gbé ọmọ lé itan, kí wọ́n kọjú síbí.

Nǹkan ti yí padà lóòótọ́, ẹ̀yin àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó ń fi aṣọ bo arúgbó mọ́, ìka kan lórí fóònù ti tó láti pa wọ́n rẹ́. Ẹ wo fọ́tò ọmọ ọwọ́ tiyín nílé lónìí. Bẹ́ ẹ bá rí ọwọ́ níbẹ̀ tẹ́ ò rí ojú, ẹ lọ ya ẹni tó ni ọwọ́ náà, bí wọ́n bá ṣì wà láyé.