Àwọn Oyin Inú Àjà Wa

Kókò ni ìyàwó mi ní kí n bá òun rà ní àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn tí a jọ lò, ẹ̀kọ jéró gbígbóná tó ń ta lẹ́nu, tí obìnrin kan ń sè ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ó mu ún dé ìdajì, ó gbé ife sílẹ̀, ó wo òkè.

"Bàbá Ràṣídì, wọ́n mà ti dákẹ́."

Mo ní, "Bóyá wọ́n ti ṣí lọ."

"Láì dágbére?"

Kí oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ náà tó wọ̀, ó ti fi mí sílẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn kókò, ìbéèrè yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Àwọn oyin tó wọ inú àjà yàrá wa ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọmọdé tó lè mọ ohun tí mo ṣe, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ agboolé tí a ti tọ́ èmi àti òun dàgbà ní àdúgbò Adabraka.

Yàrá mẹ́jọ ló yí àgbàlá ká, igi dóńgóyárò kan wà láàárín, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń jà sí. Ilé Alátà ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí Alátà ni àwọn onílùú ń pe àwa Yorùbá tó kún inú rẹ̀. Ìyá bàbá mi, tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Okaishie, ni olórí wa. Sàùdá, tó padà di ìyàwó mi, ń gbé yàrá tó kẹ́yìn pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti ń lọ sópin, oyin a máa ṣí kiri. Lọ́sàn-án gangan, ẹ óò gbọ́ ìró bí ẹni pé ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ láti òkè, òjìji wọn yóò sì ṣú bo àgbàlá. Wọn óò ṣù mọ́ ẹ̀ka igi náà bí irùngbọ̀n arúgbó. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òkò sí wọn. Yóò bu omi sínú abọ́ pẹrẹsẹ, yóò fi igi wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n lè rí ibi bà lé, yóò gbé e sí ìdí igi. Lẹ́yìn náà ni yóò pàṣẹ: odó kò gbọdọ̀ dún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ din ata, ẹni tó bá sì fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ jà, kó lọ jà á ní títì.

"Arìnrìn-àjò ni wọ́n," ni ó máa ń wí. "Ṣé ẹnì kan kò gba àwa náà sílé nígbà tí a dé ìlú yìí ni?"

Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, wọn óò gbéra.

Lọ́dún kan, mo fẹ́ fi han Sàùdá pé ẹ̀rù kò bà mí, mo sì ju ìwé ìṣirò mi lù wọ́n. Mo sá yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n bá mi sá a lẹ́ẹ̀mẹta. Sàùdá dúró bí òpó, wọ́n ń rìn lápá rẹ̀, ọ̀kan kò ta á. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha oró wọn kúrò lójú mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì ń pa á kú lọ.

"Alákọ̀wé! Ojú ẹ ti wú bí ìyẹ̀fun bófúrọ́ọ̀tù tí wọ́n ń dín nínú epo, paa!"

A dàgbà, a fẹ́ra wa, a kọ́ ilé, àwọn ọmọ ṣí lọ sí òkè òkun. Nígbà tí àìsàn ọkàn dá a jókòó sílé, oyin wá tẹ̀ dó sínú àjà, lókè ibùsùn wa. Ó ní ìró wọn ń bá òun ṣeré. Èmi ń bẹ̀rù kí wọ́n má ta á. Ó ní kí n pe olóyin, ẹni tí yóò fi èéfín rọra kó wọn sínú ìkòkò, mo sì ṣèlérí. Olóyin ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú jìnnà lójú mi. Ní Àlàmísì, nígbà tí àbúrò rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, mo pe ẹni tó ń fín oògùn kòkòrò. Kò pẹ́ rárá. Mo gbá òkú wọn jọ, mo dà á nù kí ó tó dé. Ní ọjọ́ kejì ni mo wá pa irọ́ yẹn fún un.

Wọ́n ti gé igi dóńgóyárò ìjọ́sí, ilé alájà mẹ́ta ló dúró síbẹ̀ báyìí. Oyin kò mọ̀; wọ́n ṣì ń ṣí kiri nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ohun tí kò sí láàárín wa mọ́ ni ẹni tí yóò bu omi fún wọn.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ooru yọ́ afárá tí kò ní olùtọ́jú mọ́, oyin sì ń kán láti àjà sórí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí Sàùdá máa ń sùn. Eèrà dé. Àbúrò rẹ̀ ní òun yóò pe káfíńtà. Mo ní rárá. Mo gbé àkàsọ̀ ti ògiri. Tẹ́lẹ̀, Sàùdá ló máa ń di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú fún mi. Mo gùn ún, mo yọ pákó kan, mo gé afárá náà díẹ̀díẹ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé, mo dà á sínú rẹ̀.

Obìnrin aládùúgbò wa na ọrùn lórí ògiri. "Alàájì, odidi oyin báyìí! Ẹ ò bù fún wa?"

"Oògùn ti wọ inú rẹ̀, ìyá. Kò ṣeé jẹ."

"Háà! Ta ló wá pa wọ́n?"

"Èmi ni," ni mo wí, mo sì ń wa erùpẹ̀ bò ó.