Iṣẹ́ Ọyálọ́lá tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa

Ọyálọ́lá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tèmi tó àwa méjèèjì. Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ la ti jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlọrà, èmi nídìí máṣíìnì ìránṣọ, òun nídìí kọ̀ǹpútà.

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún fún mi dáadáa. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà tí wọn ò ṣe mọ́. Ètò kan nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ń ṣe bíi ti àtijọ́ yẹn, àfi bí ẹni pé ọ̀kan ń gbé nínú èkejì. Àwọn òyìnbó kan ní kó fi ibi tí àṣẹ lè kọ́ sí sára ètò náà, bí ìkọ́ ara bùláòsì, kí ẹ̀rọ náà máa ka ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, kó máa tan ara rẹ̀, kó máa pa ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é.

"Tó bá yege, Màmí, wọ́n á gbà mí síṣẹ́."

Lọ́jọ́bọ̀, ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó máa dán ara rẹ̀ wò, ó gun ọ̀kadà lọ sí Fìdítì. Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tí ọ̀rọ̀ ń sáré lójú ẹ̀rọ, tó ń kú, tó tún ń tàn. Ẹ̀yin aránṣọ ṣáà mọ̀: bí máṣíìnì oníná bá ń sáré láìsí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, iná là á kọ́kọ́ yọ kó tó jó. Gbogbo àlàyé Ọyálọ́lá pa rẹ́ lọ́kàn mi. Mo yọ iná. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, ojú ẹ̀rọ bá ṣú. Mo yára ki iná padà, kò tàn.

Nígbà tó dé, ó ní, "Ṣé iná lọ ni?"

Áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ mi. "Iná ò lọ."

"Ṣé ẹ fọwọ́ kàn án ni?"

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ó rò pé iṣẹ́ òun ló pa ẹ̀rọ náà, ọjọ́ mẹ́rin ló sì fi wá àṣìṣe tí kò sí níbẹ̀. Oúnjẹ kò wù ú jẹ. Mo ń wò ó, mo ń já òwú. Àgbà tó bá ti purọ́ fọ́mọ, ẹnu rẹ̀ á wúwo.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun fẹ́ kọ̀wé sí wọn pé òun ò lè ṣe é.

"Má kọ ọ́. Èmi ni mo yọ iná."

Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Màmí, ọjọ́ mẹ́rin."

Ó kọ̀wé, mo ní kó kà á sétí mi. Ó ní iṣẹ́ náà kò lábùkù, pé òun lòun ṣèèṣì yọ iná nígbà ìdánwò, tó fi pẹ́.

"Kí ló dé tó ò dárúkọ mi?"

"Ṣé màá wá tú àṣírí yín fún àlejò ni?"

Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kejì: àwọn gbà á síṣẹ́, àmọ́ kó yéé ṣe àìbìkítà. Ó ka ìyẹn náà fún mi, ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.