Bí Mo Ṣe Lọ sí Adó Lọ Béèrè Iṣẹ́ Tí Àbúrò Mi Ń Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ wa, aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí mo ti wọ aṣọ òkè tán. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí n lọ. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Òjò tó ṣú lálẹ́ àná pàápàá ti bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá wa ló rán mi. Ẹ mọ̀ pé Délé, àbúrò tó tẹ̀lé mi, ti fi bí ogójì ọdún ṣe iṣẹ́ ìwé. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di gíwá fásitì ní Adó, ọjọ́ náà gan-an ló sì fẹ́ gbé ipò gíwá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ìyá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, “Ó ń kàwé” ni í wí. Wọ́n á ní, “Láti ìgbà yẹn? Ṣé kò tíì jáde ni?”

“Lọ bi í,” ìyá wa wí fún mi. “Uṣẹ́ wo ni í ṣe gan-an? Mi ò fẹ́ kí wọ́n bi mí lọ́run kí n máa wòye.”

Ó fún mi ní iṣu mẹ́ta, ó fún mi ní ìgò omi àdúrà kan, nítorí ó ti gbọ́ pé ìwé àwọn òkú ni Délé ń kà. Mo ní mi ò bẹ̀rù òkú. Mo sì fi ìgò náà sápò tó sún mọ́ ọkàn mi jù.

Mọ́tò Ìjàn, ìlú wa, kì í gbéra lọ sí Adó títí yóò fi kún: mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo san. Wọ́n fún èmi àti ìyá kan tó ń gbé tòmátì lọ sí Ọjà Ọba mọ́ iwájú, ọ̀pá jíà sì wà láàárín orúnkún mi.

“Bàbá, ẹ fa ikùn sínú,” ni dírẹ́bà wí. “Mo fẹ́ wọ jíà kẹta.”

Mo fà á sínú. Ó ní, “Ibo lẹ gbé iṣu lọ?”

“Ọ̀dọ̀ gíwá. Àbúrò mi ni.”

“Àbúrò yín ni gíwá, ẹ sì wọ mọ́tò tèmi?”

Ìyá onítòmátì dá sí i. “Iṣẹ́ wo ló ń ṣe kó tó di gíwá?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo igbó.

Láti Ọjà Ọba, mo gun ọ̀kadà. Mo dì mọ́ ọlọ́kadà débi tó fi ní kí n jẹ́ kí òun mí. Nílé wa, bí èèyàn bá ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, yóò kàn wọlé ni. Ní fásitì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó sì kọ ti iṣu náà.

Níwájú gbọ̀ngàn, àwọn olùkọ́ ti tò fún ìwọ́de ayẹyẹ ìdágbére gíwá. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: ẹ̀wù gbọọrọ ni wọ́n ń wọ̀ nínú oòrùn, ẹni tó kéré jù ló ń ṣáájú wọlé, ẹni tó ga jù ló ń kẹ́yìn. Mo ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni Délé rí mi. Ó ṣí fìlà rẹ̀ tó ní òwú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Gíwá wà nílẹ̀. Ta ni yóò dúró? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wo ara wọn, àwọn náà dọ̀bálẹ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Òyìnbó àlejò kan rò pé ara ètò ni, ó dojú bolẹ̀ pátápátá. Èmi tí mo ń wá ibi tí mo máa sá pamọ́ sí ni mo wá dá dúró bí òpó iná.

Nígbà tí wọ́n dìde, obìnrin tó ń to ìwọ́de ní, “Ó yá, sà. Ẹ̀yin lẹ máa kẹ́yìn.”

Délé ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò kẹ́yìn.”

“Wọn kò sí nínú ètò, sà.”

“Ẹ fi wọ́n sínú ètò.”

“Délé,” mo ní, “iṣu ni mo gbé wá.”

“Bọ̀ọ̀dá mi, ará Ìjàn kún inú ibẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá rí i pé mo fi ara mi ṣe àgbà lójú yín, wọ́n á ní ìwé ti bà mí jẹ́.”

Wọ́n yá mi ní ẹ̀wù kan tó mọ ní orúnkún. Mo mu omi àdúrà náà tán lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì wọlé tiṣu tiṣu. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde fún mi. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n yára, àwọn èèyàn sì rò pé ìrìn ọlọ́lá ni.

Wọ́n ka ìtàn ayé Délé. Ilé ìwé wa ní Ìjàn wà níbẹ̀, òkè òkun wà níbẹ̀, olórí ẹ̀ka, olórí ìgbìmọ̀, gíwá. Mo tẹ́tí fún iṣẹ́ náà títí. Ipò nìkan ni mo gbọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe bi í ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní “midífà” lòun ń kọ́ni, ìyẹn ìwé àwọn òyìnbó láyé àtijọ́, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ṣí ìwé ńlá kan, àwòrán ìwé mìíràn tí wọ́n fọwọ́ kọ sára awọ màlúù ló wà nínú rẹ̀. Mo fa àga mi sẹ́yìn. Ìgò ti ṣófo.

“Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibí yìí,” ó ní. “Ẹni tó ń da ìwé náà kọ ló fi eléyìí kún un fúnra rẹ̀.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní òtútù ń mú òun.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ó ní yíǹkì náà kò dára.”

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rù mi sì lọ. “Ó ti tó ìgbà wo tó ti kú?”

“Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún.” Ó fi ìka kan ojú ewé náà. “Bọ̀ọ̀dá mi, kò sí ará ilé rẹ̀ kankan mọ́ láyé. Bí mi ò bá kà á, ta ni yóò gbọ́?”

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí mo fi délé. Mo rò fún ìyá wa: “Ẹjọ́ àwọn tó ti kú, tí kò sẹ́ni tó kù láti gbọ́ ọ, ni Délé ń gbọ́.”

Ìyá wa rò ó díẹ̀. “Uṣẹ́ gidi ni,” ó ní. “Mo ti rí èsì tí n óò fọ̀ lọ́run. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é lórí fóònù, ó wà nípàdé. Sọ fún un pé kó má dúró dìgbà tí mo bá kú kó tó gbọ́ tèmi.”

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Ohun tí Adó kọ́ mi nìyẹn: ẹni tí gbogbo gbọ̀ngàn dìde fún lè bẹ̀rù, kó sì ṣì jíṣẹ́ pé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Délé dé láìsí dírẹ́bà, láìsí ẹ̀wù gbọọrọ. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́sẹ̀ ìyá wa, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan. “Mọ́ọ̀mi, níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?”

Ìyá wa fa aṣọ bo èjìká. “Òtútù ń mú mi,” ó ní. “Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Délé kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ ti fèrèsé.