Ilá Odidi ní Rothenburgsort

Ọdún mẹ́rin ni mo fi fọ abọ́ nílé oúnjẹ àwọn èèyàn ní Hamburg. Mò ń fi ọ̀sán kọ́ṣẹ́, mò ń fi ìrọ̀lẹ́ fọ abọ́. Lọ́jọ́ tí mo parí Ausbildung, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo sọ fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, pé, "Ìyá mi, lónìí, àwa náà máa jókòó, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá wa."

Ilé oúnjẹ àwọn ará Gíríìsì kan wà nítòsí ilé wa ní Rothenburgsort. Mo wọ gáùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo kun ètè. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni bàbá tó ni ibẹ̀ fọwọ́ pè mí. Ó ní lédè Jámánì, "Ẹ máa bọ̀, ẹ wá sí ilé ìdáná."

Áà, bàbá yìí rò pé abọ́ ni mo wá fọ. Pẹ̀lú gáùn mi! Èyí tó dùn mí jù ni pé mo dìde. Kí n tó ronú, mo ti ń ká apá aṣọ mi sókè.

"Mama, wo gehst du hin?" Ọmọ mi ń bèèrè ibi tí mò ń lọ. Ó tẹ̀ lé mi.

Ìyá àgbà kan dúró nídìí iná. Mo wo síǹkì: ó mọ́, kò sí abọ́ kankan níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ ni mo wá jẹ o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ tún fẹ́ wá ṣe? Nílùú wa, àlejò á kọ́kọ́ wo inú ìkòkò, kó tó mọ ohun tó máa jẹ."

Ni ìyá àgbà bá ń ṣí ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹran àgùntàn tó ti ń bọ́ kúrò lára eegun. Ẹ̀wà funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò mi. Ó ṣí ìkẹta.

"Mama, das ist doch ilá!" Ọmọ mi ló pariwo.

Ilá ni lóòótọ́, lódidi, wọn ò gé e, wọn ò rẹ́ ẹ, ó sùn sínú tòmátò bí ọmọ ọwọ́. Ìyá àgbà fi ṣíbí bù ú, ó fẹ́ ẹ, ó nà án sí mi lẹ́nu. Kò yọ̀ rárá. Ó kan díẹ̀, ó sì dùn.

Ọdún mẹ́rin, ìdí ìkòkò tó jóná ni mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí ọ̀kan fún mi rí, kó ní kí n yàn.

"Ilá," ni mo wí níkẹyìn. "Ilá àti ẹran."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, kí wọ́n má baà sáré lọ gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.