Ẹ̀rọ Sinimá Tí Àtọ́kẹ́ Yàn

Àwọn télọ̀ ní Bẹẹrẹ mọ Àtọ́kẹ́ sí obìnrin tí kì í kánjú yan nǹkan. Bó bá fẹ́ ra bọ́tìnnì lásán, yóò gbé e sí oòrùn, yóò gbé e sí ibòji, yóò tún fi eyín tẹ̀ ẹ́ wò. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ló ń rán. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀rányàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìyá rẹ̀, Àgbékẹ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá náà ti kọ́kọ́ ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, kò mọ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ àfi bó bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Dókítà kò purọ́ fún wọn: ohun tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní í padà, èyí tó kù náà sì ń lọ.

Ọdún 1983 ni, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, nígbà tí ìròyìn kàn pé Hezekiah ti parí sinimá rẹ̀. Hezekiah yìí ni olórí ẹgbẹ́ òṣèré tí Olúgbénga, àbíkẹ́yìn Àgbékẹ́, bá ṣiṣẹ́. Olúgbénga ti ṣe ipa tirẹ̀ nínú sinimá náà tán kí mọ́tò ẹgbẹ́ wọn tó gbókìtì lọ́nà Ìlọrin. Òun nìkan ló bá ìjàǹbá náà lọ. Fọ́tò tó wà nílé kò ju èyí tó yà ní pírámárì lọ, níbi tó ti ń bojú jẹ́ nítorí oòrùn.

Wọ́n mú ìyá náà lọ wo sinimá ọ̀hún nínú gbọ̀ngàn kan. Iwájú pátá ni wọ́n fi í sí. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó dìde fùú, ó ń na ọrùn, ṣùgbọ́n iná ẹ̀rọ ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, kò sì rí nǹkan kan ju kùrukùru lọ.

"Wọ́n ní ó ń rìn níbẹ̀," ló ń sọ fún Àtọ́kẹ́ bí wọ́n ti ń bọ̀ wálé. "Wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín. Jẹ́ n rí i, ọmọ mi, kí ojú yìí tó pa dé."

Àtọ́kẹ́ gun Òkè Padre lọ bá Hezekiah. Ọkùnrin náà kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé wọn láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà tán, ó ń fi àtàǹpàkò fa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi," ló wí. "Lọ́sàn-án Sátidé, n óò gbé e wá. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà la ń gbé e lọ sí Iléṣà."

Bí Àtọ́kẹ́ ti délé, ó gbé aṣọ funfun síwájú, ó ń rán an pọ̀ títí ó fi gba ògiri pálọ̀ láti igun dé igun. Ó fẹ́ kí ojú Olúgbénga tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Lẹ́yìn náà ló wá ẹ̀rọ lọ sí Bẹ́yẹrunkà, lọ́dọ̀ Sàláúdéènì tó ń fi ẹ̀rọ sinimá háyà.

Sàláúdéènì gbé ẹ̀rọ méjì wá ní Sátidé. Èyí kékeré kì í ṣe wàhálà, kò ba fíìmù ẹnikẹ́ni jẹ́ rí, ṣùgbọ́n gílóòbù inú rẹ̀ kò lágbára. Èyí ńlá rí gàgàrà, iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí iná iwájú lọ́rì. Àléébù tirẹ̀ ni pé fíìmù a máa há sí i lẹ́nu nígbà mìíràn.

"Bó bá há, tí ẹ ò sì tètè pa iná," ni Sàláúdéènì kìlọ̀, "iná yẹn á jó o lu. Kò tó kéèyàn ṣẹ́jú, Àǹtí."

Àtọ́kẹ́ fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé. Ó fi àga ìyá rẹ̀ sí ìtòsí aṣọ funfun, ó ní kí wọ́n fi fíìmù oko kòkó kan tí Sàláúdéènì ní dán ẹ̀rọ méjèèjì wò. Èyí kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ tàn.

"Màmá, kí lẹ rí?"

"Nǹkan kan ń mì. Bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ odò."

Wọ́n sún ẹ̀rọ náà mọ́ aṣọ. Àwòrán mọ́lẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó kéré bí àwo ìjẹun, ìyá náà kò sì mọ èyí tí í ṣe orí nínú rẹ̀. Wọ́n tún sún un sẹ́yìn. Ó tóbi, ó sì tún di kùrukùru. Bí ó ti ń fẹ̀ ni iná rẹ̀ ń fẹ́lẹ́. Òógùn bo Àtọ́kẹ́ nínú ọyẹ́.

Ó ní kí wọ́n tan èyí ńlá. Pálọ̀ mọ́ gbòò.

"Ọkùnrin kan ni," ni ìyá rẹ̀ wí, ó di apá àga mú. "Ó gbé àdá dání. Ẹ wò ó, fìlà rẹ̀ ti ya létí!"

Àtọ́kẹ́ wò ó. Lóòótọ́ ni, fìlà náà ya. Òun tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò tilẹ̀ kíyè sí i.

Àsìkò yẹn ni Hezekiah kan ilẹ̀kùn, agolo fíìmù lábẹ́ abíyá rẹ̀. Bó ti rí ẹ̀rọ ńlá, kò wọlé mọ́.

"Kì í ṣe èyí lẹ máa lò?"

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n."

"Rárá o. Mo mọ irú rẹ̀. Àtọ́kẹ́, gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà nínú agolo yìí. Ẹni tó bá jó o, èmi ló jó."

"Kékeré ò lè gbé e dé ojú Màmá. A ti dán an wò."

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ n máa lọ." Ó yíjú padà.

 Ohùn Àgbékẹ́ ló jáde láti inú òkùnkùn pálọ̀.

"Ṣé Hezekiah nìyẹn? Mo ń gbọ́ pé o máa ń gba ojúde yìí kọjá, ṣùgbọ́n o kì í yà. N kò pè ọ́ wá jẹ́jọ́. Ọmọ mi ni mo fẹ́ rí."

Hezekiah dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá náà.  Ó dìde, ó sì gbé agolo fún Sàláúdéènì.

"Àtọ́kẹ́, ìwọ ni kó o di súìṣì mú," ló wí. "Ẹnu ẹ̀rọ ni kó o máa wò. Má wo ibòmíràn. Bí fíìmù bá dúró, pa iná."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ, ìka rẹ̀ lórí súìṣì, ojú rẹ̀ lẹ́nu ibi tí fíìmù ń gbà kọjá. Ó gbọ́ tí ohùn àbúrò rẹ̀ gba inú pálọ̀ kan. Gbogbo ara ló fi fẹ́ yíjú wò ó. Kò yí i.

"Òun nìyẹn!" Ìyá rẹ̀ ti ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbénga! Ó ti hu irùngbọ̀n! Ẹrẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ni, ẹ wo bó ṣe ń ṣe ẹnu!"

Gbàù ni ẹ̀rọ dún. Fíìmù há. Àtọ́kẹ́ tẹ súìṣì, òkùnkùn ṣú, ìyá rẹ̀ sì figbe ta. Òórùn jíjó rú sókè.

Hezekiah já aṣọ kan kúrò lójú fèrèsé, ó na fíìmù sínú ìmọ́lẹ̀. Ibi kan ti pọ́n, ó sì lu, kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Ó wò ó pẹ́.  Àtọ́kẹ́ ń dúró kó bú òun, kó kó agolo rẹ̀, kó máa lọ.

"Ó tètè pa á," ló wí níkẹyìn, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́, ó gé ibi tó jó kúrò, òun àti Sàláúdéènì sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ síbi tí Àtọ́kẹ́ ti dìde.

"Gbé súìṣì fún mi. Lọ jókòó ti Màmá."

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá tún há ńkọ́?"

"Mo ní kó o lọ jókòó."

Àtọ́kẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá orúnkún ìyá rẹ̀. Iná mọ́, Olúgbénga sì kún ògiri, ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan, ó ń fi ẹnìkan ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ dá a dúró níbẹ̀," ni ìyá náà ń bẹ̀. "Díẹ̀ péré, kí n wò ó dáadáa."

"A ò lè dá a dúró, Màmá," ni Hezekiah dáhùn láti ẹ̀yìn. "Á jó. Ẹ máa wò ó bó ṣe ń lọ."

Ó wò ó bó ṣe ń lọ. Olúgbénga dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì kúrò lójú aṣọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí fèrèsé tán, tí Sàláúdéènì ń ká wáyà rẹ̀, Hezekiah kò yára gbé agolo. Ìyá náà kọjú sí ibi tó ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ta ló jókòó tì í nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Jókòó, kó o sọ fún mi."

Ó jókòó, ó sì sọ ọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra títí dé òpin, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Àtọ́kẹ́ gbé oúnjẹ wá fún un, ó sì jẹ ẹ́. Ó ti ń dọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kó tó dìde pé òun ń lọ sí Iléṣà.

Kí òjò ọdún kejì tó rọ̀, ojú Àgbékẹ́ ti pa dé pátápátá. Bí àlejò bá wá, yóò ṣàpèjúwe irùngbọ̀n ọmọ rẹ̀ fún wọn, àti bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àtọ́kẹ́ ń rán yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ ní Bẹẹrẹ. Hezekiah kò sì gba ojúde wọn kọjá mọ́ láì yà kí wọn.