Àlejò Ara Ọgbà

Bí mo bá gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ọ̀kà ni mo ń rántí. Tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n á lọ gé òdòdó tó ń fà mọ́ ọgbà, èyí tí olóògbé ọkọ wọn gbìn.

Àlejò ni wọ́n ń pè é. “Àlejò, ara ọgbà ni àyè rẹ. Má dé fèrèsé mi o.”

A ní ká hú u. Wọ́n ní, “Ẹ má lé àlejò ọkọ mi.”

Lẹ́yìn ikú wọn, a ti ilé pa. Nígbà tí a padà wá ṣe Iléyá, òdòdó ti bo fèrèsé, ó ti bo ilẹ̀kùn. Ọmọ wọn àgbà dúró síta, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó rọra ní, “Àgò onílé o.”